Ẹ Má Kí Ràúdátù

Ọjọ́ Ajé, 6 Jánúárì

Ọdún tuntun, wàhálà àtijọ́. A ò tíì jókòó tán nípàdé tí Pùrófẹ́sọ̀ Abdulmumini, gíwá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Áàtì wa, ti na ìka sí mi. "Dókítà Láníyọnu, ẹ̀yin lẹ máa kó ìwé àṣeyọrí jọ lọ́dún yìí." Gbogbo ohun tí olùkọ́ ṣe, gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, kí n tò ó sínú ìwé kan kó tó di ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn, Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ Fẹ́búárì. Ó ní àwọn ará Àbújá ń bọ̀ wá wò wá, pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò bá ní nǹkan gidi tó máa fi hàn, wọ́n lè pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Mo ní ṣé èmi nìkan ni mo ní bírò ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Láti fèrèsé ọ́fíìsì mi, mi ò rí ilé-ìkàwé tó dojú kọ mí gan-an. Ètè mi ti là.

Ọjọ́rú, 8 Jánúárì

Àwọn èèyàn ti ń fi àṣeyọrí wọn ránṣẹ́. Ẹnì kan ní ẹ̀ka Èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ sí i. Òmíràn kọ ọ́ pé òun ra mọ́tò. Hadiza tó ń bá wa tẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí n má yọ ọ́, pé nígbà tí lítà bẹntiróòlù kan ti fẹ́ẹ̀ di ẹgbẹ̀rún náírà, ẹni tó ra mọ́tò ṣe bẹbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Jánúárì

Olúwa ṣeun! Lẹ́tà dé láti Gánà. Àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní iṣẹ́ àṣekágbá Ràúdátù Táòfíkì ló gba ipò kìíní nínú gbogbo èyí tí wọ́n kà. Ràúdátù tèmi! Èmi ni mo darí iṣẹ́ náà: àwọn obìnrin amọ̀kòkò Òkèlélé, láti ayé ìyá ìyá wọn títí di òní. Ọdún méjì ni wọ́n máa fi sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ilé, oúnjẹ, ìwé, gbogbo ẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí yunifásítì tẹ ẹ̀bùn náà jáde sínú ìwé àṣeyọrí, kí wọ́n sì fún un níwájú èrò.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń pariwo kó tó gbé e tán. "Ràúdátù! Ipò kìíní! Ìwọ lo ṣe ipò kìíní!"

Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń lu amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ma, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò tíì sọ ọ́, àbí?"

"Kí ni mi ò tíì sọ?"

"Ẹ má sọ ọ́, ma. Ẹ ṣeun." Ó pa fóònù.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Bóyá inú rẹ̀ dùn jù ni.

Àbámẹ́ta, 11 Jánúárì

Mo ra bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Adéwọlé lọ sí Òkèlélé, kí n lọ kí ọmọ mi nílé wọn. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, torí mi ò tíì gbàgbọ́ pé ojú mi ló rí i.

Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Nínú àgbàlá, wọ́n ti da gbogbo ìkòkò délẹ̀, èyí tó ti jiná àtèyí tó ṣì tutù. Àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Ìyá Ràúdátù wà láàárín wọn, ojú wọn ti wú. Mo gbé bisikíìtì mi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ìrọ́jú o, ma, ta ló ṣaláìsí?

Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún mi nu ojú. "Ràúdátù ni."

Mo ké tòò. Ọmọ tí mo bá sọ̀rọ̀ níjẹta! Mo sunkún, èmi Fèyísọ́lá tí mi ò sunkún níbi ìsìnkú bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí mo ti ń sunkún ni Ràúdátù ti gbé omi tútù jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ma."

Mo di apá rẹ̀ mú. Ó gbóná, èèyàn ni. Mo wo àwọn obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó ṣe é, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin lẹ pè é lórí fóònù. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Gbogbo wọn ṣe àmín.

Ẹ̀bùn náà ni! Ẹ̀bùn náà ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú wọn, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Omijé tòótọ́ ni. Àwọn aládùúgbò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra, wọ́n sì ń jókòó. Ràúdátù sìn mí dé títì. Mo la ẹnu kí n kí i, ó fi ọwọ́ amọ̀ bò mí lẹ́nu. Mo gbé bisikíìtì mi padà sílé.

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì

Mo dìde lé Hadiza lórí kó tó bọ́ hìjáàbù ojú ọ̀nà. Ọmọ Ìlọrin ni, Òkè Málé ni wọ́n bí i sí. Mo ní kó sọ fún mi, wèrè wo ló wà nílé yẹn?

Ó ti ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. Ó ní gbogbo Òkèlélé ló mọ̀. Orí Ummu-Kulthum, àbúrò ìyá Ràúdátù, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje kíka Kùránì, gbogbo àdúgbò tú jáde, bàríkà, bàríkà! Nígbà tó di ogójì ọjọ́, ó jókòó ti ògiri lọ́sàn-án, kò dìde mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Abdulmateen, ọmọkùnrin tí ìyá Ràúdátù kọ́kọ́ bí. Ọdún 2019 ni rédíò ka orúkọ rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ṣe dáadáa tó o nínú ìdánwò àṣejáde. Gbogbo ayé kí i. Ogójì ọjọ́ géérégé. Kò ṣàìsàn. Ó ń bu ata sí ẹ̀wà ni.

"Ṣé ẹnì kan ló ń ṣe é fún wọn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Dókítà. Ìkíni náà ni. Ẹni tí wọ́n bá kí kú oríire nílé yẹn, ó ti gbà á nìyẹn." Látìgbà náà, bí ohun rere bá wọlé, wọ́n á da ìkòkò délẹ̀, wọ́n á sunkún rẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Nígbà tí Ràúdátù ṣe ipò kìíní ní ẹ̀ka wa lọ́dún tó kọjá, wọ́n sunkún rẹ̀. "Ó ṣáà wà láàyè," ni Hadiza wí.

Mo sọ fún un pé onímọ̀ ìtàn ni mí, pé ẹni méjì kì í ṣe ẹ̀rí, pé ọkàn lè dákẹ́ lára ọ̀dọ́, kí ìran kan sì máa jogún ẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún ìyá tó bí i," ni ó wí, ó bá ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì

Ìyá Ràúdátù wá sí ọ́fíìsì. Kí n tó dìde, wọ́n ti kúnlẹ̀. Ìyá tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà! Mo fà wọ́n, wọn ò dìde. Wọ́n ní kí n yọ orúkọ ọmọ àwọn kúrò, kí n fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́.

Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní bí kò bá sí nínú ìwé, Gánà ò ní fún un. Gíwá pàápàá ti sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ẹ̀bùn náà ni kó ṣíwájú ìwé, torí bí a bá yọ ọ́, kí ló kù? Ìgbéyàwó àti mọ́tò. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Ní ìkẹyìn, mo rí ọgbọ́n dá sí i. Mo ní màá kọ ọ́ báyìí: iṣẹ́ àṣekágbá lórí àwọn obìnrin amọ̀kòkò, èyí tí Dókítà F. Láníyọnu darí, gba ipò kìíní. Kò sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀bùn náà wọ ìwé, ọmọ yín ò wọ̀ ọ́.

Wọ́n bi mí: "Ta ni wọ́n wá máa kí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ bímọ?"

"Ọ̀kan, ma. Àyànfẹ́. Ó wà ní Ìbàdàn."

"Ẹ má ṣe é, Dókítà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má bínú, ma, mi ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́.

"Abdulmateen náà ò gbà á gbọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n lọ.

Jímọ́, 17 Jánúárì

A lẹ ojú ewé kìíní mọ́ pátákó, a sì jù ú sórí wasáàpù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kí wọ́n tó kí Jímọ́, fóònù mi ti gbóná. Ẹ kú oríire! Bàríkà! Ẹ kú ọ̀pọ̀ oore! Gíwá bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó ti ń jókòó lé fáìlì ìgbéga mi láti ọjọ́ yìí fi eyín funfun hàn mí. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níhìn-ín tí kò sẹ́ni tó máa kà á: ó dùn mọ́ mi. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó kí mi báyìí rí.

Hadiza nìkan ni kò kí mi. Ó gbé tíì fún mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma."

Ọjọ́ Ajé, 20 Jánúárì

Wọ́n ṣì ń kí mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, àwọn tó ń ta ìwé, pásítọ̀ wa lórí àga ìwàásù lánàá, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo rọra ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìyẹn.

Jímọ́, 24 Jánúárì

Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Obìnrin kan jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú géètì wa, ó na ẹsẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó kọjú sí ilé. Ọyẹ́ ti sọ hìjáàbù rẹ̀ di eruku. Ó ti fà á bojú, mi ò rí ojú rẹ̀. Mo fọn fèrè mọ́tò, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n ṣí géètì. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀ mọ́, eruku nìkan ló wà lójú títì.

Aládùúgbò wa ní láti ìgbà tí wọ́n ti kí Jímọ́ tán ló ti wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnì kan kú lọ́dọ̀ wa.

Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Mo lọ ra iṣu lọ́jà Ìpàtà. Iṣu ti wọ́n kọjá ààlà, èyí tó tó jẹ nílé wa kò sí lábẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo dúró síwájú obìnrin kan tí mi ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí láyé. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàríkà o, Dókítà."

Mo ní ṣé ó mọ̀ mí ni. Ó ní rárá. Ta ló wá sọ fún un pé dókítà ni mí?

"Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí ló ní kí n kí yín."

Mo wo ibi tó tọ́ka sí. Lọ́rí tó ń já àgbàdo ló wà níbẹ̀, àti ọyẹ́. Mo fi iṣu sílẹ̀. Ìrẹsì la jẹ.

Jímọ́, 31 Jánúárì

Obìnrin yẹn tún wá. Ọkọ mi ti sáré délé ṣáájú mi, ó ní alágbe ni, ó mú ẹgbẹ̀rún kan lọ fún un. Kò gbà á. Bàbá Àyànfẹ́ kì í bẹ̀rù nǹkan, àmọ́ ó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Obìnrin yẹn ń sunkún o. Kì í ṣe ẹkún alágbe."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lónìí. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èmi tí mi ò gba irú ẹ̀ gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì

Ibà. Òtútù ń mú mi nínú ooru ọ̀sán. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí kòkòrò ibà, kò sí táífọ́ọ̀dù. Dókítà ní kí n lọ sinmi, ó wá fi ẹ̀rín sí i: "Ẹ kú oríire ẹ̀bùn yẹn, ma, mo rí i lórí wasáàpù." Mo fẹ́ẹ̀ gbá a létí.

Jímọ́, 7 Fẹ́búárì

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó sí fèrèsé láti aago méjì, mo ń ṣọ́ géètì. Ó wá. Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ mọ́ kó tó jókòó. Mo jáde bá a, mo ní ìwọ obìnrin yìí, kí lo ń wá nílé mi?

Ó ká hìjáàbù kúrò lójú. Ìyá Ràúdátù ni.

"Ẹ má bínú, Dókítà," ni wọ́n wí. "Mo ń bá yín sunkún ni. Gbogbo èèyàn ń kí yín, kò sẹ́nì kan tó ń sunkún yín. Àwọn èèyàn yín ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yẹ kẹ́nì kan ṣe é."

Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n mu omi. Wọ́n kọ̀. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ló ní kí oníṣu kí mi ní Ìpàtà; wọ́n ní àwọn ò lè rán ẹnikẹ́ni kí mi láé. Mo ní wọ́n ń dẹ́rù bà mí.

"Ó yẹ kẹ́rù bà yín. Ẹrù ọmọ tèmi lẹ gbé rù." Wọ́n tún bojú. Mo wọlé, mo sì gbọ́ ẹkún náà láti ìyẹ̀wù, ó rọra ń lọ, kò ga, kò rẹlẹ̀, títí aago márùn-ún fi lù. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára kí àjèjì máa sunkún rẹ nígbà tí o wà láàyè. Àmọ́ ibà náà sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, mi ò sọ pé nǹkan kan ló fà á.

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Gánà kọ̀wé. Wọ́n rí ojú ewé wa. Wọ́n ní orúkọ olùkọ́ làwọn rí, àwọn ò rí ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí orúkọ Ràúdátù Táòfíkì kò bá sí nínú ìwé, tí ẹni tó ń jẹ́ Ràúdátù Táòfíkì kò sì bọ́ sórí pèpéle lógúnjọ́ wá gbà á lọ́wọ́ aṣojú àwọn, ẹni tó ṣe ipò kejì làwọn máa fún.

Mo kà á tán, ara mi fúyẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti bọ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì máa kúrò lórí mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọmọ ọdún méjìlélógún! Ojú tì mí débi pé mo dorí kodò lórí tábìlì. Ohun tó tọ́ àti ohun tí ojo máa ṣe ti di ohun kan náà, mi ò sì mọ èwo ni mo fẹ́ ṣe.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Mo pe Ràúdátù wá. Mo ka lẹ́tà náà fún un. Mo ní kò pọn dandan, pé mo lè bá a wá ẹ̀bùn mìíràn tó bá di ọdún tó ń bọ̀, èyí tí wọn ò ní ṣe níwájú èrò.

"Ẹ kọ orúkọ mi, ma."

Mo ní ṣé ó gba ọ̀rọ̀ ilé wọn gbọ́?

Ó ń fi èékánná yọ amọ̀ tó ti gbẹ sí i lọ́rùn ọwọ́. "Mi ò mọ̀, ma. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bùrọ̀dá Abdulmateen fi ogójì ọjọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e kọ́rùn yí àdúgbò ká. Mo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Èmi ò gbọ́ 'kú oríire' rí láyé mi. Mo ṣe ipò kìíní níléèwé, wọ́n sunkún. Mo jáde ní yunifásítì, wọ́n sunkún. Ìyá mi ò wò mí kí wọ́n rẹ́rìn-ín rí, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ̀rín náà lè di ìkíni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ma. Kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún lára orúkọ mi."

Mo sunkún. Mo sì kọ orúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí bó bá jẹ́ pé nítorí ara mi ni.

Jímọ́, 14 Fẹ́búárì

A ti lẹ ojú ewé tuntun. RÀÚDÁTÙ TÁÒFÍKÌ, gàdàgbà, lókè pátápátá. Mo ṣọ́ géètì títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú, obìnrin náà ò wá. Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù.

Hadiza ti lọ sí Òkèlélé. Ó ní wọ́n ti ká ẹní, wọ́n ti gbé ìkòkò dúró. Ìyá náà ò bínú, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń bi í ní ìbéèrè ni. Aago mélòó ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀? Ilẹ̀kùn mélòó ni gbọ̀ngàn náà ní? Báwo ni wọ́n ṣe máa pe orúkọ náà gan-an? Ṣé ará Gánà tó ń bọ̀ ti rí ojú Ràúdátù rí? Hadiza ní kò tíì rí i. Ìyá náà ní ó dáa, wọ́n sì lọ fọ hìjáàbù funfun.

"Wọ́n ti gbà fún Ọlọ́run," ni Hadiza wí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mi ò sùn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Àwọn atẹ̀wé gbé ìwé dé. Wọ́n tẹ ti mọ́tò náà sí i.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Mo ti délé. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni. Kí n kọ ọ́ kí n tó jẹun, bí mo bá ṣì lè jẹun.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ará Àbújá jókòó síwájú, ará Gánà náà jókòó tì wọ́n, obìnrin pẹ̀lẹ́tù kan tó wé gèlè. Èmi àti Ràúdátù wà ní ìlà kejì. Ó wọ aṣọ tuntun, ó lé tìróò. Mi ò mọ̀ pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú tèmi, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rọra rẹ́rìn-ín ṣáá bí ẹni tó ń kọ́ ọ.

Gíwá ka iṣẹ́ náà. Ó ní kò sí irú rẹ̀ rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Ó gbé ojú sókè, ó pè é: "Ràúdátù Táòfíkì!"

Ràúdátù fi ọwọ́ ti àga kó lè dìde.

"Èmi rèé o!"

Láti ẹ̀yìn ni. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láàárín àwọn àga, hìjáàbù funfun balau, wọ́n gbé orí sókè, wọn ò yára, wọn ò falẹ̀. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé ìyá àgbàlagbà ló gba ipò kìíní, wọ́n fò dìde. Mi ò gbọ́ irú àtẹ́wọ́ yẹn rí. Bàríkà! Bàríkà! Gíwá wò mí láti orí pèpéle. Kò mọ ojú Ràúdátù láàárín ẹgbẹ̀rún ọmọ, àmọ́ ó mọ̀ pé èmi mọ̀ ọ́n. Ó ń bi mí léèrè pẹ̀lú ojú.

Ràúdátù ti dúró. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ náà sì jókòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Mo mi orí sí gíwá pé òun ni. Èmi ni mo ṣe é.

Ará Gánà dì mọ́ ìyá náà. Wọ́n gba ìwé, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Nígbà tí ètò parí, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo èrò tò kọjá níwájú wọn. Ẹ kú oríire, ma. "Mo gbà á." Bàríkà, Ìyá. "Mo gbà á." Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò fo ẹnì kankan, olùkọ́, ọmọléèwé, àwọn ará Àbújá, wọ́n ń gbà á bí ẹni tó ń gbẹ́rù lórí èèyàn. A dúró títí ìlà fi tán, èmi àti Ràúdátù. Ó ní kí n lọ bá gíwá kí n sọ òótọ́. Mi ò mira.

Ìyá náà wá bá wa. Wọ́n kó ìwé náà lé ọmọ wọn lọ́wọ́. "Tìẹ ni. Ìkíni nìkan ni mo gbà." Wọ́n yíjú sí mi. "Dókítà, gbogbo àwọn yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kí mi, kó lè parí sọ́dọ̀ mi."

"Ẹ má kí wọn, ma!" Ràúdátù ti di aṣọ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ má kí ìyá mi! Èmi ni kẹ́ ẹ kí!"

Mo wo ọmọ, mo wo ìyá. Mo ní sáyẹ́ǹsì lórí, mo ní Bíbélì nínú báàgì, kò sí èyí tó bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbàgbọ́ pé irọ́ ni, kí ló dé tí ahọ́n mi wúwo tó báyìí? Bí mo bá sì gbàgbọ́ pé òótọ́ ni, mo ti mọ ẹni tí ìyá kan máa fẹ́ kí n kí. Èmi náà bí Àyànfẹ́.

Mo kúnlẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Ẹ kú oríire, ma."

"Mo gbà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eyín wọn kan ti yọ níwájú, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi etí hìjáàbù nu tìróò tó ti ṣàn lójú ọmọ wọn, wọ́n fà á dìde kúrò lára mi, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ síbi kẹ̀kẹ́.

"Má sunkún, ọmọ mi. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ sunkún mọ́. Lọ tètè wá ìwé ìrìnnà ẹ. Ogójì ọjọ́ tó ẹ láti fi múra."